Ibi Tí A Kì Í Fi Ọmọ Ẹni Sí

"Ẹ tún un sọ, Mà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi lánàá gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ fún bàbá mi."

Obìnrin tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ okòwò gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Afinimọ̀nà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ènìyàn bá fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, ó lè má tètè dáhùn. Bí ọmọ bá ti parí ọdún kejì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò wá. Yóò wo máàkì ọmọ náà, yóò sọ ẹ̀ka tó yẹ kó yà sí fún un, yóò sì to àwọn kọ́ọ̀sì tí yóò ṣe títí yóò fi gba oyè. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú bí kóró iṣin ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà.

Bàbá ọmọ náà jókòó sí etí àga, bí ẹni tó ń ṣọ́ra kí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ má ba tìmùtìmù jẹ́. Bíríkìlà ni. Sìmẹ́ńtì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ti ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Ẹ má bínú, Mà," ó wí. "Ọmọ yìí ló ní dandan kí n wá. Mo ní ṣebí Mà ti bá ọ sọ̀rọ̀? Ó ní àfi kí n fi etí ara mi gbọ́. Ó lágídí bí ìyá rẹ̀."

"Kò burú, Sà." Afinimọ̀nà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. "Ṣé ẹ rí i, ẹ̀ka Àkáǹtì tí ọmọ yín kọ́kọ́ mú, ó ti kún àkúnya. Wọ́n ń fún ara wọn pa níbẹ̀. Ẹ̀ka tuntun kan wà tí à ń pè ní Okòwò Ayé Ọ̀la. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń lọ báyìí. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, kí ló dé tí ọmọ yín á máa fi èjìká gbún èèyàn? Pẹ̀lú irú máàkì tó ní yìí, bó bá débẹ̀, iwájú ló máa wà."

Ọ̀rọ̀ náà ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí omi ọṣẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ti ń sọ ọ́, kò nílò kó ronú mọ́ kó tó jáde.

Ohun tí kò sọ ni pé nínú àwọn olùkọ́ tí wọ́n fi ṣí ẹ̀ka náà, ẹyọ kan ló kù, òun náà sì ti ń wá ọ̀nà àtilọ. Kò sọ pé àwọn tó wà ní ọdún kẹta níbẹ̀ ṣì ń retí ẹni tó máa kọ́ wọn ní kọ́ọ̀sì kan tí wọn ò lè gboyè láìṣe é. Kò sì sọ pé ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, tí ọmọbìnrin yìí ń lálàá àtiwọ̀ láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, kò ka oyè ibẹ̀ sí oyè.

Díìnì, olórí ilé ẹ̀kọ́ okòwò náà, mọ gbogbo rẹ̀. Òun ló pe àwọn olùdámọ̀ràn jọ, tó ní bí ẹ̀ka náà kò bá kún kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, àwọn ọ̀gá òkè á gbé e kúrò, ìjókòó òun náà á sì mì. "Àwọn olórí pípé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ó wí lọ́jọ́ náà. "Òbí wọn á pariwo. Ẹ bá mi wá àwọn tó wà láàárín. Àwọn yẹn máa ń dúpẹ́."

Bíríkìlà pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́. "Ṣé o gbọ́ báyìí?" ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mà, ẹ ṣeun. Bí ẹ ṣe ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ sọ́nà, ẹlòmíràn á tọ́ tiyín. Ṣé ẹ ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ yìí?"

"Ọmọ àbúrò mi wà níbí. Ọ̀dọ̀ mi ló ti dàgbà."

"Ẹ̀hẹn! Ayé Ọ̀la lòun ti wà ní tiẹ̀ nìyẹn!"

Fáànù òkè àjà ń ké kìnrìn-kìnrìn. Ọmọbìnrin náà ń wo Afinimọ̀nà. Kò bínú. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo omi tó kù díẹ̀ kó hó.

"Àkáǹtì ló wà," Afinimọ̀nà wí níkẹyìn.

"Èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé yàrá kan náà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, Bàbá," ọmọbìnrin náà wí. "Máàkì tèmi sì ju tiẹ̀ lọ. Ó sọ ohun tí àǹtí rẹ̀ sọ fún un nínú kíṣìnì wọn fún mi."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ẹ bi wọ́n. Wọ́n jókòó síwájú yín."

Afinimọ̀nà rántí ọjọ́ náà kedere. Ó ń fọ abọ́, ọmọ náà ń nù ún. Ó ní, "Bí wọ́n bá fi wúrà bo ẹnu ọ̀nà Ayé Ọ̀la, má wọ̀ ọ́. Bí èmi gan-an bá ní kí o lọ nígbà tí a bá wà ní ọ́fíìsì, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ìfun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Nǹkan kan gba ojú bíríkìlà kọjá. Ó ti yé e. Ẹni tó ń wò ó á mọ̀ pé ó ti yé e. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló yíjú sí.

"Ṣé Mà lo fẹ́ máa bá díje? Ọmọ tiwọn nìyẹn, ìwọ tìrẹ lọ̀tọ̀. Kálukú pẹ̀lú orí tiẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn, Mà, ẹnu rẹ̀ ti gùn jù." Ó dìde, ó dé fìlà. "Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ ṣeun." Èkejì kò dún tó èkíní, kò sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Ọmọbìnrin náà jẹ́ kó jáde tán. "Bàbá mi ń bẹ̀rù yín," ó wí. "Wọ́n rò pé bí àwọn bá bínú, ara mi lẹ ti máa gbẹ̀san. Èmi ò bẹ̀rù mọ́ ní tèmi. Ẹ ṣì lè yí ẹ̀ka tí ẹ kọ orúkọ mi sí padà títí di aago mẹ́rin. Orí àtẹ̀gùn ni mo máa wà."

Afinimọ̀nà gòkè lọ sọ́dọ̀ Díìnì. Ó tó bí ọkùnrin náà lọ́mọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin náà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un gbà sí iṣẹ́.

"Mọ́mì wa!" Tíì ni Díìnì ń mu. "Mo rí i pé a kún lánàá. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Mo fẹ́ yọ ẹnì kan kúrò, Sà."

"Òbí rẹ̀ pariwo?"

"Òbí rẹ̀ dúpẹ́."

"Kí wá ni wàhálà?"

"Máàkì rẹ̀ tó Àkáǹtì. Èmi ni mo tì í kúrò níbẹ̀."

Díìnì ro tíì rẹ̀ yí po. "Ó dáa, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣófo. Ọmọ àbúrò yín wà ní Àkáǹtì, àbí? Ẹ fi í rọ́pò."

"Rárá o!"

Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé akọ̀wé tó wà ní yàrá kejì dáwọ́ títẹ ẹ̀rọ dúró. Díìnì gbé ife kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ṣé ẹ gbọ́ ara yín, Mọ́mì? Mi ò bá yín wí. Èmi náà bímọ, n ò sì mú wọn wá síbí rárá. Ẹ wá ẹlòmíì. Ìwé iṣẹ́ yín máa tó wá sí iwájú mi, ẹ jẹ́ kí n fi tayọ̀tayọ̀ buwọ́ lù ú."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ń ti ara wọn, wọ́n ń ṣàwàdà. "Ẹ yàgò fún ọ̀gá báńkì lọ́la!" ni ẹnì kan ń wí. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, "Kọ́kọ́ lọ san gbèsè kọ́ọ̀sì tó o gbé sílẹ̀ ná!" Wọ́n ya ọ̀nà fún un, wọ́n ń kí i. Ó pe ọmọbìnrin náà láti orí àtẹ̀gùn, ó jẹ́ kó dúró ti òun níbi tó ti lè rí ojú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ìkan, ó tẹ èkejì. Orúkọ náà kúrò ní Ayé Ọ̀la, ó bọ́ sí Àkáǹtì. Kò gbà tó ìgbà tí ènìyàn fi ń sín.

Ọmọbìnrin náà kò dúpẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Àwọn tó kù ńkọ́, Mà?" ó bèèrè. "Yàrá wa ò gbà ju èèyàn méjì lọ."

Ó lọ. Afinimọ̀nà jókòó, ó ń wo àyè kan ṣoṣo tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà. Ó lè jáde síta nísinsìnyí, kó sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀, kó sì di aláìríṣẹ́ kí oṣù tó parí. Ó ro ilé tó ń gbé. Ó ro ọmọ tó ń nu abọ́. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ló wọlé, ó ti ki ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ ṣòkòtò dáadáa fún ìpàdé náà. Máàkì rẹ̀ wà láàárín.

"Ta lo mọ̀ nílé ẹ̀kọ́ yìí?" Afinimọ̀nà bi í.

"N ò mọ ẹnì kankan, Mà. Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí n wá bá."

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó ti tì.

"Jókòó, ọmọ mi," ó wí.