Mo Kọ́ Èdè Sípéènì Nítorí Akọ̀wé

Àwọn kan ń kọ́ èdè àjèjì torí ìrìn àjò, àwọn mìíràn torí ìfẹ́. Èmi kọ́ èdè Sípéènì kí ojú lè ti ọkùnrin kan, ojú sì tì í. N kò ní torí pé mò ń sọ̀tàn kí n wá máa ṣe bí ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe.

Akọ̀wé ni mò ń pe àbúrò ọkọ mi, torí mo bá a nílé ọkọ, n kò sì gbọdọ̀ la orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ó ti gbé òkè òkun fún ọdún mẹ́rin, ó gbọ́ èdè Sípéènì. Èmi ni mò ń rán bàtà. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà: abẹ́rẹ́ méjì, òwú kan tí a fi ìda pa, òòlu tí ń lu ihò níwájú wọn. Nígbà tí obìnrin kan tó ń sọ èdè Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra bàtà lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún, Akọ̀wé ló ń ṣe ògbufọ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "tó bá ti sọ pé *la señora de la limpieza*, ìwọ ló ń pè o. Ọ̀gá aránbàtà ló túmọ̀ sí. Ṣá ti rẹ́rìn-ín, kó o dá a lóhùn pé *sí, señora*, bẹ́ẹ̀ ni, ìyáàfin."

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi rẹ́rìn-ín. Àlejò á wọlé, á fún Akọ̀wé ní ọ̀bẹ ìgé-awọ tó mú ju ẹnu ìyá ọkọ lọ, á wá fún èmi ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́. Mo rò pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rán bàtà lọ́dọ̀ tiwọn. Mo tilẹ̀ wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Lọ́dún kẹrin, obìnrin náà ránṣẹ́ pé òun fẹ́ mú ẹni tó ń rán bàtà wọ̀nyí lọ sí ìlú òun fún oṣù mẹ́ta, kó wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun. Inú mi dùn dé ọrùn. Mo ní kí ọmọbìnrin mi wá ẹ̀kọ́ èdè náà sórí fóònù mi, kí n lè fẹnu ara mi kí àlejò, kí orí Akọ̀wé náà lè wú. *Buenos días*, ẹ káàárọ̀. *Gracias*, ẹ ṣeun. Bí mo bá ti ń gé awọ ni mò ń kí i. Ọkọ mi bá mi níbi tí mo ti ń bi ìkòkò pé *¿cómo está?*, ṣé àlàáfíà ni, ó ní, "Ìyá ọmọ mi, tó bá dá ẹ lóhùn, pè mí o."

Àfi ìgbà tí mo dé ẹ̀kọ́ kẹfà, ẹ̀kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Àwòrán obìnrin kan yọ, ó mú ìgbálẹ̀ àti korobá dání, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni *la señora de la limpieza*. Mo pe ọmọ mi kó bá mi wò ó.

"Màmá, obìnrin tó ń tọ́jú ilé ni," ó ní. "Ẹni tó ń gbálẹ̀."

Iná jó mi lára. Ọdún mẹ́ta! Mò ń fi ẹnu ara mi jẹ́rìí pé agbálẹ̀ ni mí, mo sì tún ń rẹ́rìn-ín sí i. N kò ní ohunkóhun sí agbálẹ̀ o; iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ ni Akọ̀wé jí, abájọ tó fi jẹ́ òun ni wọ́n ń fún ní ọ̀bẹ; ìrìn àjò mi ló sì kù tó fẹ́ jí báyìí. Ó ti ní kí n má yọra mi lẹ́nu lórí ìwé ìrìnnà, òun ń bójú tó o. Tara rẹ̀ ló ń bójú tó. Mo lọ gba tèmi láìsọ fún un.

Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni," ó ní.

"Èmi ńkọ́, kí ni tèmi?" mo bi í.

Ni mo bá gbé e mì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ogún ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, n kò sì jẹ́ kí ẹ̀fúùfù gbọ́. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí Akọ̀wé, "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀," tí mò ń sọ nínú mi pé ọjọ́ gbogbo ni tolè.

Àlejò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi: tábìlì kan, àga mẹ́ta, fèrèsé tó kọjú sí títì. Ó gbé bàtà kan sókè, ó béèrè nǹkan. Akọ̀wé na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"*Con estas manos, señora.*" Ọwọ́ wọ̀nyí ni mo fi ṣe é. Ọwọ́ wà nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara. Mo gbọ́ ọ yékéyéké.

Mo dìde. Mo kó awọ, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan, òwú, abẹ́rẹ́ méjì àti òòlu síwájú rẹ̀. Gbólóhùn tí arìnrìn-àjò fi ń bẹ ọlọ́jà pé kó jẹ́ kóun rí ọjà ni mo lò.

"*Muéstreme, por favor.*" Jọ̀ọ́, fi hàn mí.

Akọ̀wé yíjú sí mi. "Ìyàwó, kí lo sọ?"

"*Aquí*," mo ní, mo fọwọ́ lu tábìlì. Níbí.

Àlejò wò mí, ó wò ó, ó fa àga, ó jókòó. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, kò rẹ́ni bá a rín in. Ó di òòlu mú bí ẹni tó di ṣíbí mú. Ó gún awọ, ó gún àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó wá ojú abẹ́rẹ́ títí òógùn fi ń kán sórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ kejì, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò kánjú rárá. Mo fẹ́ kó pẹ́.

Nígbà tó tó mi, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rán an yí gìgísẹ̀ ká láìwo ọwọ́ mi. Ojú Akọ̀wé ni mò ń wò.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ibẹ̀ sì ni èdè mi tán. Mo kọjú sí Akọ̀wé. Látọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, n kò pè é ní ìwọ rí.

"Ìwọ, túmọ̀ fún mi. Sọ fún un pé èmi ni mo rán gbogbo bàtà yẹn. Sọ pé ìwọ lo sọ mí di agbálẹ̀. Kó o sì rántí pé mò ń gbọ́."

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí..."

"Túmọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lẹ́nu kíákíá. "*Más despacio, por favor*," mo ní. Rọra sọ ọ́. Ó rọra sọ ọ́, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹnu tó fi purọ́ náà ló fi tú u. Ojú àlejò pọ́n. Ó sọ̀rọ̀ ṣókí kan, ó ń wò mí.

"Ó ní ẹ̀yin lẹ máa bá òun lọ," Akọ̀wé ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó ń béèrè bóyá ẹ ó nílò ògbufọ̀. Ìyàwó wa, ẹ dákun, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé mò ń lọ."

Ẹ̀kọ́ kan wà lórí bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Mo na ìka kan ṣoṣo sí àlejò.

"*Una persona*," mo ní. Ènìyàn kan.

Akọ̀wé gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún un.