Lẹ́tà Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Lẹ́tà méjì péré ló jáde sójú ẹ̀rọ náà: L àti I. Lẹ́yìn wọn, òkùnkùn.

Adéjìmí Kàsúmù pa á. Ó ka oókan dé ogún bí ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó tún tàn án. Ẹ̀rọ kùn, ó dún píì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kọ L, ó kọ I, ó sì dákẹ́ bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ ní kó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú pátákó, tó gbàgbé ìyókù.

“Ọ̀gá Àmì, ẹ kú iṣẹ́ o.” Sabina adìwé ló yọjú láti ṣọ́ọ̀bù kejì, gọ́ọ̀mù funfun wà ní gbogbo ìka rẹ̀. “Kọ̀ǹpútà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ńkọ́? Mi ò gbóhùn rẹ̀ láti àárọ̀.”

“Ó ń sinmi.”

“Ẹ bá mi kí i tó bá jí.”

Gbogbo àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, títí dé Abúlé Òkúta, ló mọ Kàsúmù. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ káàdì tàbí kàlẹ́ńdà tó ní Yorùbá nínú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e wá, nítorí ojú rẹ̀ ń rí àmì tó sọnù lórí ọ̀rọ̀ bí àwòdì ṣe ń rí òròmọdìẹ. “Ọ̀gá Àmì” tí wọ́n ń pè é, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Òun gbà á bí oyè. Ó ti gba ìwé ìpè ìgbéyàwó rí, tó fi bírò pupa ṣàtúnṣe rẹ̀, tó dá a padà fún ìyá ìyàwó, tó sì ń retí kí wọ́n wá dúpẹ́. Ní ti kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Nọ́ọ̀tì méjì ló dì. Ọ̀kan ti jábọ́. Hàmdálàt, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ṣe ìyókù.

Inú ẹ̀rọ tó dákẹ́ yìí ni ìwé rẹ̀ wà: *Ohùn Ló Ń Sọ Ọ̀rọ̀ Di Ọ̀rọ̀*, ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá. Ọdún méjì gbáko ló fi ń pè é sókè, tí Hàmdálàt ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kankan níbòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ fi sórí díìsìkì, nítorí àwọn olè. “Ọ̀pọ̀ èèyàn l’Ékòó ló ń wá irú ìwé báyìí jí,” ó wí. Hàmdálàt bi í pé, “Bíi ta ni, Bàbá?”

Hàmdálàt náà ń lọ lónìí. Wọ́n ti fún un níṣẹ́ ní Ìlọrin, ní iléeṣẹ́ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kó dé lọ́la, ọjọ́ Jímọ̀, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tàbí kí ẹlòmíràn jókòó sórí àga rẹ̀. Ọkọ̀ yóò gbéra ní Jíbówú ní aago mẹ́ta. Bí ẹ̀rọ yìí kò bá jí kí ó tó lọ, kò sí ẹnìkan láti ibí dé Ladi-Lak tó mọ bí wọ́n ṣe tò ó.

Èyí tó sì burú jù ni pé Kàsúmù rò pé òun mọ ẹni tó pa á.

Ètò méjì tó ń darí ẹ̀rọ ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, bíi yàrá méjì. Àkọ́kọ́ ni Fèrèsé, níbi tí àwọn oníbàárà ń ki díìsìkì wọn bọ̀, tàwọn ti kòkòrò inú wọn tó ń ba iṣẹ́ ẹ̀rọ jẹ́. Èkejì ni Líńọ́ọ̀sì, tí kòkòrò kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé wà. Bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò mọ èyí tí yóò wọ̀. Aṣọ́nà kan ní láti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó béèrè pé ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ. Lọ́dún tó kọjá, Hàmdálàt ní kí bàbá rẹ̀ mú ọ̀kan nínú aṣọ́nà méjì. Ọ̀kan ń jẹ́ LILO. Ó ti dàgbà, ó ṣeé gbọ́kàn lé, àmọ́ olóríkunkun ni: orúkọ yàrá kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, tí o bá sì yí nǹkan kan padà, àfi kí o tún pè é kí o sọ fún un. Èkejì ń jẹ́ GRUB. Kò pẹ́ tó dé. Orúkọ tó gùn kò ṣòro fún un, fúnra rẹ̀ ló sì ń ka ìwé tí wọ́n kọ fún un láràárọ̀.

Kàsúmù kò béèrè èyí tó dára. Orúkọ ló wò. “GRUB? Ó dún bí ẹni ń bì. Ṣùgbọ́n LILO! Wò ó: lílò ni, lílọ ni, lílọ̀ ni. Èyí tá à ń lò, èyí tó ń lọ, àti ata lórí ọlọ. Láìsí àmì, ta ló máa mọ̀?” Ó mú LILO, ó sì fi í ṣe àpẹẹrẹ ní orí kẹta ìwé rẹ̀.

Hàmdálàt ló sọ àwọn yàrá náà lórúkọ. Ó pe ti àwọn oníbàárà ní *ferese*. Ó pe ti ìwé ní *baba*.

“Baba wo?” ni Kàsúmù bi í. “Bàbà tí à ń fi se ọkà ni, àbí bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà?”

Ọmọ náà kàn rẹ́rìn-ín.

Ọdún kan ni orúkọ náà fi wà lójú ẹ̀rọ láràárọ̀, lórí òfo, bí àgbàlagbà tó jáde láìdé fìlà, níṣojú oníbàárà. Ara Kàsúmù kò gbà á mọ́. Lánàá, nígbà tí Hàmdálàt ń di ẹrù nílé, tí Sabina sì lọ ra oúnjẹ ọ̀sán, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ Hàmdálàt, ó tẹ̀ lé e ní ìlà-ìlà, ó dé ibi tí *baba* wà, ó pa á rẹ́. Ó kọ AGBA-OLOOTU-ADEJIMI-KASUMU síbẹ̀, ó pe aṣọ́nà. Aṣọ́nà ní ó ti gùn jù. Ó tún un pè. Aṣọ́nà kọ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú ohùn líle, bí ẹni pé ẹ̀rọ ní etí. Nígbà tó gbọ́ bàtà Sabina, ó pa gbogbo rẹ̀.

Ní báyìí, L àti I.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

Hàmdálàt kúnlẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ ti ògiri. Ojú rẹ̀ ti kọjá lára bàbá rẹ̀, ó ti bọ́ sára ẹ̀rọ.

“Látìgbà wo?”

“Láti àárọ̀.”

“Ṣé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan?”

“Èmi?” Kàsúmù tún fìlà rẹ̀ ṣe. “Iná ni. Ṣé o ò rí i bó ṣe ń ṣẹ́jú látìjẹta?”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kàsúmù ronú lé òwe náà, ó sì rí i pé òun kò ní ogún ọdún. Aago mẹ́ta ni ọkọ̀ yóò lọ.

Hàmdálàt ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ olórogún ni: bọ́ọ̀dù rẹ̀ wá láti Ọbaníkòró, àpótí rẹ̀ láti báńkì kan tó kógbá sílé, díìsìkì ńlá inú rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ọmọ náà mọ ìwà ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ó fa bọ́ọ̀dù kékeré tó jẹ́ ìrántí rẹ̀ yọ, ó fi írésà nu eyín rẹ̀, ó dá a padà. Ó tàn án. L, I. Ó yọ wáyà pẹlẹbẹ tó lọ sí díìsìkì, ó fi òmíràn rọ́pò. L, I. Ó fẹ́ eruku. L, I. Kò kanra. Òógùn ń sun láti iwájú orí rẹ̀ wọ inú ìbòrí, kò nù ún. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán lápá Bàrígà, ó kírun lẹ́yìn tábìlì, ó padà wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo lẹ́tà méjèèjì.

“Bàbá, n ò ní lọ lónìí.”

“Kí lo wí?”

“Màá lọ sí ilé fóònù, màá ní ara mi ò yá. Mi ò lè fi ìwé yín sílẹ̀ báyìí.”

“Wọ́n á gba ẹlòmíì.”

“Wọ́n á gba ẹlòmíì,” ni Hàmdálàt tún sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ó fa báàgì rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó fi sábẹ́ tábìlì.

Ìfisábẹ́ tábìlì yẹn ni Kàsúmù kò lè wò.

“Èmi ni,” ó wí.

“Ẹ̀yin kí ni?”

“Èmi ni mo fọwọ́ kàn án. Lánàá.” Ó ń bá fìlà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti ṣí i, ó ń yí i lọ́wọ́. “Orúkọ yẹn. *Baba* yẹn. Mo ní kí n fi ohun tó yẹ síbẹ̀.”

“Kí lẹ kọ?”

Ó sọ ọ́. Hàmdálàt ń ka lẹ́tà rẹ̀ lórí ìka.

“Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Bàbá?”

“Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!” Láti ẹ̀yìn ògiri ni ohùn Sabina ti wá. “Orúkọ ni, àbí àdúrà?”

Hàmdálàt fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kàsúmù dúró kí ẹ̀rín náà tán. Ó pẹ́ kó tó tán.

“Kí ni LILO wá wí?”

“Ó kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.”

Ẹ̀rín dá. Ọmọ náà dìde. “Tó bá kọ̀, kò yí nǹkan kan padà nìyẹn. Ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣì mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin.”

“Kì í ṣe èmi?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dun Kàsúmù.

“Aṣọ́nà kò ṣìnà, Bàbá. Ilé ló yí ọ̀nà padà fún un.” Ó ti tún ẹ̀rọ tàn, ó di bọ́tìnnì kan mú títí ojú búlúù kan fi jáde, èyí tí Kàsúmù kò rí rí. Ó tọ́ka sí igun rẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1980.

Kàsúmù na ọrùn wò ó. Lójú ẹ̀rọ yìí, àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ ni, wọn ò tíì padà wá gbà á. Àwọn alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí àga ni, ara wọn le. Ó ṣàánú rẹ̀ díẹ̀.

“Bátìrì inú rẹ̀ ló kú,” ni Hàmdálàt wí. “Bátìrì yẹn ló ń bá a rántí ọjọ́, òun náà ló ń bá a rántí bí wọ́n ṣe ń ka díìsìkì. Ó ti gbàgbé méjèèjì.” Ó fi ìṣó yọ nǹkan kékeré kan tó ń dán, tó tó bọ́tìnnì kóòtù. “Àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń ní in.”

Kàsúmù kò rán ẹnikẹ́ni. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi bátìrì kíkú náà sátẹ́lẹ́wọ́, ó gba iwájú gbogbo àwọn atẹ̀wé kọjá lórí òfo. Àwọn kan dá ẹ̀rọ wọn dúró láti wò ó.

Nígbà tó mú bátìrì tuntun dé, Hàmdálàt kò na ọwọ́ gbà á. “Ẹ fi sí i fúnra yín.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi ò ní sí níbí lọ́la.”

Ó fi sí i. Ẹnu nìkan ni ọmọ náà fi ń darí rẹ̀: ẹ tẹ èyí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ òní, ẹ dé ibi díìsìkì, rárá, ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ mú ìyẹn, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìka Kàsúmù, tí ń fi bírò pupa ṣe ìdájọ́ fún gbogbo Ṣómólú, ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí kíbọ́ọ̀dù bí ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ̀rọ pa ara rẹ̀, ó tún jí. L. I. Wọ́n dúró. L. O.

*ferese*. *baba*.

Sabina ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, láti ẹnu ọ̀nà.

Hàmdálàt mú díìsìkì pẹlẹbẹ kan jáde nínú báàgì rẹ̀. “Bàbá, GRUB wà nínú èyí. Mo ti mọ ìwà rẹ̀ báyìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n á wọlé, ó ku ààyè.” Kò sí ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀.

Kàsúmù wo díìsìkì náà. Ó wo aago ògiri: ó ti kọjá aago méjì.

“Ṣé ìwé náà lè wọ irú rẹ̀?”

“Ìwé wo?”

“Ìwé mi.”

Ọmọ náà wò ó. “Á wọ̀ ọ́.”

“Pa GRUB rẹ́, kí o fi ìwé sí i. Mú un dání.” Ó fọwọ́ kan bírò pupa nínú àpò rẹ̀. “Ka orí kẹta fún mi. Bí o bá rí àṣìṣe…”

Hàmdálàt ki díìsìkì náà bọnú ẹ̀rọ.

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, tí Sabina ti sìn ín dé títì, Kàsúmù nìkan ló kù pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ó pa á, láìnídìí. Ó ka oókan dé ogún. Ó tún tàn án.

L, I, L, O. Ó mọ ọ̀kan nínú mẹ́ta tó jẹ́ lónìí.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ kejì jáde, kékeré, láìní àmì kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí bírò pupa nínú àpò kó tó rántí pé dígí ni. Ó dá bírò náà padà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń pè é, kò ṣì í kà, ó sì wọ yàrá náà.