Ìṣó Kan Lórí Ilé Jọláyẹmí

Òjò ti dá ní Ìkìrun, oòrùn ti yọ, àwọn ewúrẹ́ ti jáde síta, ṣùgbọ́n nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Jọláyẹmí òjò ṣì ń rọ̀. Mojíbọ́lá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń wo bí omi ṣe ń kán sínú báfù. Ọkùnrin kan tó ń lọ wọ ọkọ̀ Òkukù bojú wọlé, ó ní, "Ẹ kú òjò o."

"A dúpẹ́, sà," ni Mojíbọ́lá dá a lóhùn. Ní gbogbo àdúgbò, àwọn nìkan ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn.

Ìṣó kan ló fà á. Nígbà tí Bàbá Jọláyẹmí wà láyé, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, á gbé àkàsọ̀ ti ògiri, á gun orí páànù lọ pẹ̀lú òòlù. Ìṣó tó bá yọrí, á gbá a wọlé. Á kó ewé kúrò nínú gọ́tà, á fi amọ̀ di ibi tí àgbàrá ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti parí, ilé náà á sì dúró gbọn-in di ọdún mìíràn.

Kó tó kú, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì, Oyèdélé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti Adéjàre àbúrò, tí í ṣe ọkọ Mojíbọ́lá. Ó ní, "Ilé yìí, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má dá ọwọ́ lé e. Ẹ jọ máa ṣe é ni." Ohun tí bàbá ń wí ni pé kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ohun tí àwọn ọmọ gbọ́ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ìṣó ni yóò sọ lọ́la pé òun ló ni ilé. Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹbí ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹbí: ẹnì kan á tún ilẹ̀kùn ṣe, ọmọ rẹ̀ á tún fèrèsé ṣe, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á sì ní kí àwọn tó kù wá kó ẹrù wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ìṣó kan yọ lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó pín ilé sí méjì, lọ́dún tó ṣáájú òmìnira, àwọn ọkùnrin méjèèjì gbójú sókè wò ó, wọ́n sì wo ara wọn.

"Ṣé o fẹ́ gùn ún ni?" ni Oyèdélé bi àbúrò rẹ̀.

"Èmi kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ gùn ún?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Bí wọ́n ṣe jókòó nìyẹn, tí ẹnì kìíní ń ṣọ́ ẹnì kejì.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé báfù síbẹ̀. Nígbà tí ihò náà fẹ̀, Oyèdélé ra agbòjò tí yóò máa ṣí láti yàrá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Adéjàre náà ra tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró yẹn, àbúrò á gbé agbòjò rẹ̀ sókè kí ẹ̀gbọ́n lè kọjá lábẹ́, nítorí ọmọlúàbí ni wọ́n. Àlejò tó bá wá á jẹ iyán lábẹ́ agbòjò. Kò pẹ́ tí olú fi hù lára ògiri, funfun báláú, ìyàwó Oyèdélé sì já a sínú ọbẹ̀. Adéjàre ní olú ẹbí ni. Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n máa pín in dọ́gba. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìṣó.

Ṣùgbọ́n ògiri tí olú ń hù lára rẹ̀, ògiri yàrá Mojíbọ́lá ni. Ní Ìníṣà tí wọ́n ti bí i, àárín ẹsẹ̀ àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń sùn. Nígbà tó délé ọkọ, inú yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà títí ìyá náà fi papò dà. Yàrá yìí ni àkọ́kọ́ tí yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò ní sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó ní fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà Òkukù, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí, á máa wo ọkọ̀, á máa ronú ibi tí kálukú ń lọ. Ògiri fèrèsé yìí gan-an ló ti lanu báyìí. Aláǹgbá tilẹ̀ wá wò ó, ọ̀rinrin ò jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Ó gba ọ̀dọ̀ Morákinyọ̀ káfíńtà lọ. Morákinyọ̀ yọjú wo ilé láti òréré, kò súnmọ́ ọn.

"Ìyàwó, igi àjà yín ti ń rà. Bí òjò ọdún yìí bá lọ tán báyìí, ògiri tìẹ ni yóò kọ́kọ́ wó, òrùlé á tẹ̀ lé e. Ìṣó kan lẹ ń sá fún, odindi ilé lẹ máa kọ́."

"Ẹ bá wa kàn án nígbà náà, sà."

"Èmi ò gun ilé ẹbí mọ́. Ọ̀kan ni mo bá wọn ṣe ní Òkukù, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́rìí ní kóòtù. Lọ́yà kan ní kí n na ọwọ́ tí mo fi kan ìṣó sókè. Mo nà án. Ó ní ta ni ọwọ́ náà ń gbè lẹ́yìn."

Nígbà tí òjò tó tẹ̀ lé e rọ̀, ìdajì ìsàlẹ̀ ògiri náà ya lulẹ̀, ó bo àpótí aṣọ Mojíbọ́lá mọ́lẹ̀. Adéjàre bá a hú u jáde, ó káàánú rẹ̀ gidigidi, ó sì ra agbòjò kan fún ìyàwó rẹ̀ náà. Mojíbọ́lá gbé agbòjò náà ti ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọjọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òkukù, ó lọ mú àbúrò Bàbá Jọláyẹmí wá, ìyá àgbà kan tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Òkukù.

Màmá Òkukù gbọ́rọ̀ tán. "Bàbá yín ní kí ẹ jọ ṣe é, àbí? Ẹ jọ ṣe é."

Wọ́n gbé àkàsọ̀ méjì ti ilé, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn méjèèjì gùn ún pọ̀, wọ́n pàdé lókè, wọ́n di òòlù kan ṣoṣo mú. Kíá, ọ̀rọ̀ dé: ọwọ́ ta ni yóò wà lókè lára èèkù?

"Èmi ni àgbà," ni Oyèdélé wí.

"Àgbà lẹ jẹ́ nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Orí òrùlé la wà yìí."

Nígbà tí wọ́n jàjà gbé òòlù sókè, ọ̀kan fà, ọ̀kan tì, òòlù fò kọjá ìṣó, ó dá ihò tuntun sára páànù. Wọ́n jókòó lórí òrùlé, wọ́n ń jiyàn ta ló ni ihò. Òjò sì ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Igbáyè.

Mojíbọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Òkukù. "Màmá, ṣé ìyàwó ilé ní ìpín nínú ilé?"

"Ìpín wo? Ìyàwó kì í jogún ilé ọkọ."

"Bí èmi bá wá kan ìṣó náà, ta ni yóò sọ pé mo fẹ́ gba ilé?"

Àwọn tó wà lókè bojú wo ìsàlẹ̀. Oyèdélé wo àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lójú, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí láti ìgbà tí bàbá ti kú. "Òótọ́ ni. Kò lè gba nǹkan kan."

"Kò lè gbà á rárá," ni Adéjàre wí, inú òun náà ń dùn. "Ṣùgbọ́n kó sọ ọ́ létí àdúgbò ná."

Mojíbọ́lá dìde. "Mi ò ní nǹkan kan nínú ilé yìí," ó wí i kí gbogbo ojúde lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló fẹ́ràn ilé náà.

Ó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó gun òkè. Morákinyọ̀ wá dúró lójú títì, ó kẹ̀yìn sí ilé kó má baà rí nǹkan tí wọ́n á pè é jẹ́rìí sí. "Fi rọ́bà sí ìdí ìṣó kó o tó gbá a," ni ó ń pariwo sí òfuurufú. "Àfọ́kù páànù àti ọ̀dà wà nílẹ̀ lẹ́yìn mi. Èmi kọ́ ni mo gbé e síbẹ̀ o." Mojíbọ́lá gbá ìṣó wọlé, ó lẹ ihò tuntun, ó sọ̀ kalẹ̀. Òjò dé, ó rọ̀ dáadáa, kò sí ẹ̀kán kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oyèdélé ṣì ṣí agbòjò rẹ̀ kó tó jáde ní yàrá.

Nígbà tí òjò dá, Mojíbọ́lá fi amọ̀ mọ ògiri yàrá rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, Mojíbọ́lá á fi amọ̀ di ẹsẹ̀ ògiri, á sì mú òòlù. Wọ́n ti ń wá pè é láti Èkó Èǹdé, nítorí ilé ẹbí pọ̀ tó ń jò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tilé ló máa ń kọ́kọ́ ṣe. Àwọn ará àdúgbò á péjọ, Mojíbọ́lá á dúró lẹ́sẹ̀ àkàsọ̀, á wí ọ̀rọ̀ náà: "Mi ò ní nǹkan kan nínú ilé yìí." Lẹ́yìn náà á gun òkè, páànù á gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á wo ọ̀nà Òkukù dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nísàlẹ̀, Oyèdélé á di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ kan mú, Adéjàre á di ìkejì mú, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní í jẹ́ kí èkejì dá a dì.