Omi Inú Ògiri

Ọ̀bùn ni mo pe ìyàwó ọmọ mi. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fipá mú mi sọ ọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ẹnu mi mú ju abẹ lọ, mo sì máa ń fi yangàn.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà mí láàmú. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti balùwẹ̀ wọn. Ìdí ògiri balùwẹ̀ yẹn ni nǹkan dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ó gba àárín táìlì, ó ń gòkè lọ. Òórùn ọ̀rinrin gba gbogbo ilé. Àràárọ̀ ni ìyàwó yìí ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti bílíìṣì ha á, títí awọ ìka rẹ̀ fi ń bó. Tó bá di ọjọ́ kẹta, dúdú yẹn á tún ti yọjú. Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo ní nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi, ògiri kì í bu. Lọ́jọ́ kan ó ní bóyá omi wà nínú ògiri náà. Mo bi í pé ṣé ògiri náà ń wẹ̀ ni. Ó ní kí n má bínú, ó tún gbé korobá rẹ̀.

Ọmọ mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò gbèjà ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù mi ń bà á, kí n má parọ́.

Ìgbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa, ó fẹ́ wẹ̀. Ìyàwó ti mú táwẹ́ẹ̀lì dání fún un. Ojú rẹ̀ báyìí ni mo ti ní, "Ẹ má wọ balùwẹ̀ yẹn o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀bùn la fẹ́ sílé." Ìyàwó rọra gbé táwẹ́ẹ̀lì náà lé orí àga. Lọ́jọ́ kejì, ó pọn ọmọ-ọmọ mi, ó sì lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Inú mi dùn, ẹ gbọ́ mi o. Mo ní balùwẹ̀ á mọ́ wàyí. Èmi fúnra mi kúnlẹ̀ lórí orúnkún burúkú yìí, mo ha ògiri náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò lọ.

Ọmọ mi pe plọ́ńbà. Ọkùnrin náà fọ́ táìlì mẹ́ta, símẹ́ńtì ẹ̀yìn wọn rọ̀ bí ẹrẹ̀. Ó tọ páìpù tó ń jò lọ, ó bá a dé yàrá mi, lábẹ́ sínkì tí mo yọ ọmọ mi lẹ́nu títí tó fi ṣe é fún mi. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá bọ́jú, ẹ̀yìn ògiri yẹn lomi ń lọ.

"Màmá, ẹni tó ń fọ ògiri yìí kàn ń jìyà lásán ni," ni plọ́ńbà náà wí.

Ọmọ mi wò mí, ó jáde. Kò kí mi di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn àgbà ní ká fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi òsì fà á mọ́ra. Èmi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi lé e lọ. Mo gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé òkè pátápátá, mo ń sinmi, mo ń gùn. Ìyàwó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo sọ ti sínkì, mo sọ ti páìpù, mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó padà sílé, mo sunkún. Ó ní òun ò bínú mọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè padà.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun fún mi lómi mu. Ó mú ife tó mọ́ láti orí pẹpẹ, ó fọ̀ ọ́. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un fọ̀. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta níṣojú mi. Lẹ́yìn náà ló bu omi sí i, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Ẹ mu ún, Màmá," ló wí. "Ó mọ́."