Indri Lórí Àpáta Ọ̀gágun

Ohun tó dun Ġakbina jù ni pé Indri kò tijú. Òun ló ṣòfófó Salvu, ọkọ Ġakbina, fún ọ̀gágun pé ó já olú pupa lórí Àpáta Ọ̀gágun tó wà láàárín omi, olú tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ. Wọ́n de Salvu mọ́ ìdí àjẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun, ibẹ̀ ló sì kú sí. Aṣọ ọ̀fọ̀ kò tíì ṣá lára opó tí Indri, ẹ̀ṣọ́ àpáta, fi ń gbé ẹja wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ġakbina á gbà á, á rẹ́rìn-ín, á sì dà á fún ológbò.

Lọ́jọ́ ọdún ẹni mímọ́ Lọ́rẹ́ńsì, àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku Indri nìkan. Ġakbina lọ bá a létí bèbè.

"Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá mi. Bá mi já olú kan wá, ká lọ rí fádà lọ́la fún ìgbéyàwó wa."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n so mí kọ́ ni?"

"Ó dáa. Salvu ò bẹ̀rù tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lára. Ó wọ inú àpótí tí okùn ń gbé kọjá lórí omi, ó fa ara rẹ̀ dé orí àpáta. Bó ti sọ̀ kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àwọn aláǹgbá, Ġakbina fa àpótí padà.

"Kí lò ń ṣe? Dá àpótí padà."

"Lúwẹ̀ẹ́."

Indri wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta náà títí ó fi ń dán, kí olè má baà rí ibi tẹ ẹsẹ̀ mọ́.

"Nítorí Ọlọ́run, ìfẹ́ rẹ ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe sí Salvu."

"Mo mọ̀."

Ġakbina jókòó. Indri bẹ̀bẹ̀, ó ṣépè, ó sunkún, gbogbo rẹ̀ ń dùn mọ́ ọn bí oyin. Nígbà tí ọ̀gágun dé, Indri ti ju olú sókun, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ ti rẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa.

"Obìnrin yẹn ló fa àpótí lọ."

"Kí ni ìwọ wá lọ ṣe níbẹ̀?" ni ọ̀gágun bi í.

Indri fi ọwọ́ pupa náà pamọ́ sẹ́yìn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń tì í wọ ọkọ̀ ogun, Ġakbina lọ dúró sí èbúté kí Indri lè rí òun dáadáa. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀, tí ara rẹ̀ le koko, ń bu ọbẹ̀.

"Ṣé ìbínú yẹn ti tán nínú ẹ?"

"Kò tán, ìyá. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí."