Dáṣíbọ́ọ̀dù Tí Fàsásì Tú Sílẹ̀

Ọ̀gá Fàsásì fúnra rẹ̀ ló pè mí. Láti ọjọ́ tó ti lé mi kúrò nínú ọgbà mẹkáníìkì ní Mushin, kò pè mí rí.

"Àmúdàtù, máa bọ̀ kíákíá. Iṣẹ́ wà."

Mo fi ìsọ̀ mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó sílẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Mo fẹ́ wo ojú rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún mi. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́síì, ẹ̀rọ amúlétutù inú mọ́tò. Nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣe fíríìdọ̀mù fún mi, ìyẹn àdúrà tí ọ̀gá fi ń sọ ọmọṣẹ́ di ọ̀gá, Táòfíkì ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń de páìpù mọ́ èfápórétọ̀ tuntun kan. Èfápórétọ̀ ni irin pẹlẹbẹ tó máa ń tutù nínú dáṣíbọ́ọ̀dù kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí wa lójú. Sípánà méjì la fi ń dè é: ọ̀kan á di ọrùn rẹ̀ mú, èkejì á máa yí nọ́ọ̀tì. Táòfíkì lo ẹyọ kan. Ọrùn irin náà lọ́, ó sì ya. Fàsásì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àmọ́ nígbà tí oní-mọ́tò dé, èmi ló nàka sí.

"Obìnrin yìí ló bà á jẹ́. Mo ti ń sọ ọ́ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin."

Ó lé mi lójú gbogbo ènìyàn, kò ṣe fíríìdọ̀mù kankan. Láti ọjọ́ náà, Abẹ̀rọjẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní Mushin. Orúkọ mi ni mo fẹ́ gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ kó dun òun náà.

Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù kan. Ó ti tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, wáyà rọ́ jáde bí ìfun ẹran. Ó di ìbàdí mú.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá."

"Wọlé sábẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè tẹ̀ mọ́. Táòfíkì ti jápa lọ Kánádà. Jethro tó ni mọ́tò ń bọ̀ láti Yábà, ó fẹ́ gbé e lọ Ìbàdàn lónìí."

"Ṣé kò sí ẹlòmíràn nínú ọgbà ni?"

Ó mọ̀ pé mo mọ ìdáhùn. Nínú ọgbà yẹn, ọ̀gá kan kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ọ̀gá mìíràn bá ti tú. Ẹni tó tú u àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè dè é. Wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nǹkan á sọnù, a ò sì ní mọ ẹni tí a máa mú.

"Ọmọṣẹ́ mi ṣì ni ọ́," ó ní. "Ṣé mo ti ṣe fíríìdọ̀mù fún ọ ni?"

Ẹ ò rí ẹnu! Ohun tó fi jẹ mí níyà ló tún fẹ́ fi lò mí. Mo rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ẹ ṣe é báyìí, kí n tó fọwọ́ kan nǹkankan. Kí ẹ sì sọ ẹni tó ya irin ọjọ́sí."

"Àmúdàtù, ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Ọ̀gá, Yábà ò jìnnà o."

Fóònù rẹ̀ dún. Jethro ni, ó ti dé Ojúẹlẹ́gba. Fàsásì nu òógùn, ó ké sí Ẹ̀gbọ́n Débọ̀, alága ọgbà, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e wá. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú.

"Ẹ gbọ́ o," ni Fàsásì wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa.

"A ò gbọ́!" ni oníwáyà kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ohùn tẹ́ ẹ fi lé e lọ ni kẹ́ ẹ lò!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó gbé ohùn sókè. "Àmúdàtù kọ́ ló ya irin ọjọ́sí. Táòfíkì ni. Mo mọ̀, mo sì parọ́ mọ́ Àmúdàtù."

Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà, ó ní láti òní lọ mo ti di ọ̀gá, ó sì fi sípánà lé mi lọ́wọ́. Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, tèmi dún ju tiwọn lọ.

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi, mo ju sípánà sínú báàgì.

"Ó yá, wọlé," ni Fàsásì wí.

"Wọlé síbo? Ọ̀gá ni mí báyìí. Ọ̀gá kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ọ̀gá."

Ẹ̀gbọ́n Débọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, tó fi ń di ara mọ́tò mú. Fàsásì wò ó bóyá á gba òun.

"Alájì Fàsásì, òfin ni," ni alága wí. "Ẹ̀yin gan-an lẹ dá a lábàá."

"Àmúdàtù, nítorí Ọlọ́run. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó yẹ kí àánú ṣe mí. Kò ṣe mí. Mo fa àga, mo jókòó sí òdìkejì, mo ra omi tútù, mo ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Mo ń wò ó bó ṣe ń tẹ̀ wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń ké "yéè", tó sì tún ń jáde.

Jethro dé. Nígbà tó rí inú mọ́tò rẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Ta ló ṣe mọ́tò mi báyìí?"

Fàsásì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fẹ́ nàka sí mi, bó ṣe mọ́ ọn lára. Gbogbo ọgbà ń wò ó. Ìka náà dúró lókè, ó sì rọra padà sí àyà ara rẹ̀.

"Èmi ni, sà," ó ní.