Bàálù Tó Dé Kó Tó Dé

Ohun kan ṣoṣo ni Nerida Haslam ń fẹ́ lọ́jọ́ tí ìdíje náà máa parí: kó fi ojú ara rẹ̀ rí Athol, ọkọ rẹ̀, kó máa bọ̀ láti òkè, kó sì balẹ̀ sí pápá bàálù ìlú Kerrigal bí olúborí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun kékeré nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni Athol ti ń fi bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì díje, ooru ilẹ̀ tí ń gòkè nìkan ló ń gbé e, bó ṣe ń gbé àṣá. Bí ooru bá sì ti tán lábẹ́ rẹ̀, oko àgbẹ̀ tó bá wà nítòsí ló máa balẹ̀ sí. Nerida ló ń wa mọ́tò lọ gbé e, pẹ̀lú àpótí gígùn onítáyà lẹ́yìn mọ́tò, tí wọ́n á tú bàálù kó sínú rẹ̀. Ó ti lọ gbé ọkọ rẹ̀ láàrin àgùntàn, ó ti lọ gbé e nínú oko àlìkámà, ó sì ti lọ gbé e níbi tí akọ màlúù kan ò ti jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Ibi tí àwọn olúborí ń balẹ̀ sí nìkan ni kò tí ì pàdé rẹ̀ rí.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ fẹ́ yí padà. Athol ló ń ṣíwájú, ó sì ti fi àwọn yòókù sẹ́yìn débi pé bó bá ṣáà ti lè fò yí ọ̀nà tọjọ́ náà po, kó sì délé, tirẹ̀ ni ife-ẹ̀yẹ. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé lẹ́yìn èyí òun á ta bàálù náà, nítorí orúnkún òun ò fẹ́ ká sínú rẹ̀ mọ́. Bí kò bá délé lónìí, ó parí nìyẹn, Nerida ò ní rí ìbalẹ̀ olúborí yẹn láéláé.

Ẹni tó bá mọ ìdíje yìí mọ̀ pé ìyà ló ń jẹ ẹni tó wá wòran. Bàálù á gbéra lọ́sàn-án, á pòórá, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó yọjú. Kí ni èèyàn fẹ́ wò nínú ìyẹn, bí kì í ṣe eṣinṣin? Ìdí nìyí tí Darcy Pascoe, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nílùú náà, fi gbé síkírìnì ńlá kan sínú gàréèjì bàálù. Ó fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ibi tó wà ránṣẹ́ sílé, àmì pupa á sì máa rìn lórí àwòrán ilẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ wàhálà rẹ̀ kò kéré. Bí bàálù bá wọ ẹ̀yìn òkè níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ò dé, àmì rẹ̀ á dúró gbagidi bí ẹni tó sùn lọ. Lọ́jọ́ kejì ìdíje, àmì kan já wálẹ̀, ó ń sáré lójú títì wọ ìgboro, ó yà sílé búrẹ́dì, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń dìde láti lọ yọ òkú kí wọ́n tó gbọ́ pé awakọ̀ náà ló gbàgbé ẹ̀rọ rẹ̀ sínú mọ́tò ìyàwó rẹ̀, páì ẹran àgùntàn sì ni ìyàwó lọ rà.

Èyí tó wá le jù ni pé síkírìnì náà kì í fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń pẹ́ lẹ́yìn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan ti wà rí tí wọ́n ń jókòó sílẹ̀ wo ibi tí bàálù ẹlòmíràn ti rí ooru, tí wọ́n ń fi rédíò ta èèyàn wọn lólobó. Pascoe kọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí gàdàgbà sára pátákó lábẹ́ síkírìnì, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn kì í gbọ́ràn. Bó bá ti rí nǹkan tó ń rìn, ìsinsìnyí ló máa pè é.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àwọn yòókù ti balẹ̀, Athol nìkan ló kù, nítorí ẹni tó bá ń ṣíwájú ló máa ń kẹ́yìn gbéra, kó lè ṣọ́ àwọn tó ń lé e. Láti ọ̀sán ló ti sọ lórí rédíò pé bátìrì òun ń kú lọ, òun á pa rédíò. Ẹ̀rọ Pascoe ní bátìrì tirẹ̀. Nítorí náà, àmì pupa yẹn nìkan ló kù tí Nerida fi mọ̀ pé òun lọ́kọ.

Àmì náà kò sì gbádùn. Lẹ́bàá àwọn àká àlìkámà ìlú kejì, ìwọ̀n gíga rẹ̀ ń já wálẹ̀, ń já wálẹ̀, títí ó fi kù díẹ̀ kó fara kan òrùlé. Ó wá ń pòyì lójú kan, kò ròkè, kò rodò. Pascoe yíjú sí Nerida, ó ní kó má bínú, ó jọ pé Athol ti ń wá ibi tó máa balẹ̀ sí. Beryl Quigg, ọ̀rẹ́ Nerida tó ń po tíì lẹ́yìn, ò tiẹ̀ fi bò.

"Nerida, lọ so àpótí rẹ mọ́ mọ́tò. Bó o bá tètè lọ, ẹ ṣì máa bá oúnjẹ alẹ́."

"Kò tí ì balẹ̀ ná."

"Ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin yẹn ti ń yan àgùntàn tó máa sùn tì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Nerida náà rẹ́rìn-ín, ó sì tètè jáde kí ẹ̀rín náà tó di ohun mìíràn lójú rẹ̀. Inú ń bí i. Ó ń bínú sí Athol, ó ń bínú sí ooru, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ jù, pé ní ọjọ́ orí òun, òun ṣì jẹ́ kí ìrètí tan òun. Ó fi ẹ̀yìn wa mọ́tò lọ síbi tí àpótí wà, ó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di irin àpótí náà mú. Oòrùn ti yan irin náà, ó jó o lọ́wọ́, Nerida sì ṣépè fún un dáadáa.

Ibi tó ti ń ṣépè ló ti gbọ́ ohùn kan, ó ń súfèé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sẹ́nu ìgò. Ó gbójú sókè. Àwọn ayékòótọ́ tú jáde lórí igi, bàálù funfun kan sì yọ láti apá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ó kọjá lókè wáyà ọgbà, ó rọra bà sórí koríko, ó yí lọ títí, ó dúró, ó sì fi apá kan lélẹ̀.

Nerida ò mọ ìgbà tó fi irin sílẹ̀. Ó sáré bí ọmọdé, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò sì padà mú un. Nígbà tó débẹ̀, Athol ti ṣí ìdérí gíláàsì, ó ń wo pápá tó dá páropáro.

"Kí ló dé tí kò sẹ́nì kankan? Ṣé èèyàn kú ni?"

"Ìwọ ni," Nerida dá a lóhùn. "Wọ́n ń dárò rẹ nínú lọ́hùn-ún."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà lára pátákó Pascoe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Nerida fúnra rẹ̀. Ó gbá orí ọkọ rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú fìlà àti òógùn, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé òun rí i, òun rí i láti òkè títí ó fi kan ilẹ̀. Athol ní òun ti rẹlẹ̀ débi pé òórùn àlìkámà ń wọ òun nímú, kí ooru orí oko kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ilẹ̀ rẹ̀ tó dìde, tó gbá òun sókè.

Wọ́n gba ẹ̀yìn wọ gàréèjì, Athol fa fìlà bojú. Lórí síkírìnì, ó ṣì ń pòyì lẹ́bàá àká. Ẹ wá gbọ́ oríkì! Ọkùnrin kan tó ti ń pè é ní Bàbá Àgùntàn láti ọdún pípẹ́ wá dìde, ó ní kò sí ẹni tó mọ afẹ́fẹ́ bí Athol Haslam ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìgbà tí a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Athol gbádùn rẹ̀ gan-an. Ó na ọwọ́ sí Beryl fún tíì, ó béèrè ẹni tó ń ṣubú yẹn.

"Athol ni," Beryl fèsì láì wo ojú rẹ̀. "Ó ṣe mí láàánú, àmọ́ olórí kunkun ni." Ó gbé ife fún un, ó rí ọwọ́, ó wá rí ojú. Tíì dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Nerida ti fìka sẹ́nu, Beryl sì gbé ariwo rẹ̀ mì.

Lójijì, àmì pupa bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Gàréèjì mì. Pascoe fò sórí tábìlì, àjèjì ń dì mọ́ àjèjì, ẹnì kan sì ké pé kí wọ́n jáde lọ pàdé rẹ̀. Gbogbo wọn tú síta, wọ́n ń wojú ọ̀run, Athol tòun ti orúnkún rẹ̀ wà láàrin wọn, òun náà fọwọ́ ṣíji bojú, ó ń wá ara rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnì kan tó wolẹ̀, kó rí bàálù tó ti ń sinmi lórí koríko. Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn kan jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó lè rín in tán. Wọ́n gbé Athol lé èjìká, wọ́n jù ú sókè, wọ́n sì ń bú u.

Ó wá dun Pascoe díẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́ kí èèyàn lè rí olúborí, kò sì sí ẹni tó rí i nígbà tó dé. Àmọ́ ó rántí pé kò tí ì bọ́: síkírìnì ṣì ń gbé Athol bọ̀ lọ́nà. Ó ní kí gbogbo èèyàn padà wọlé wá wo ìbalẹ̀ náà, ó sì gbé àga iwájú fún Nerida.

"Ẹ máa wò ó lọ," Nerida sọ fún un. "Èmi ti rí i."

Wọ́n wọlé, ó ku òun àti ọkọ rẹ̀ lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù. Nígbà tó yá, igbe ayọ̀ kan sọ nínú gàréèjì, páànù òrùlé ń dún. Athol yíjú padà, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ìwọ ni," ìyàwó rẹ̀ wí. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."